Ìwé Tí Wọ́n Fi Ka Ọkàn: Bí Wọ́n Ṣe ń Wá Ìran ní Látfíà

Ká ní ẹnì kan wá bá yín lónìí, tó ní kí ẹ bá òun wá ìdílé bàbá ìyá òun ní Látfíà, tó sì fún yín ní orúkọ kan ṣoṣo: Bērziņš. Ẹ má tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ o. Kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Bērziņš ni orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ jù lọ ní orílẹ̀-èdè yẹn. Igi kan tí wọ́n ń pè ní birch ni wọ́n fi sọ ọ́: birch kékeré. Àwọn orúkọ yòókù tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ náà ò jìnnà síyẹn. Kalniņš ni òkè kékeré. Ozoliņš ni igi oak kékeré. Zariņš ni ẹ̀ka igi kékeré. Àfi bí ẹni pé igbó kan ló dìde tó di èèyàn. Obìnrin ilé yẹn ò sì ní jẹ́ Bērziņš, Bērziņa ló máa jẹ́, torí èdè wọn máa ń yí ìparí orúkọ padà tó bá ti jẹ́ ti obìnrin. Tí ẹ bá ń fi Bērziņš nìkan wá ìyá àgbà, ẹ lè wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìdí tí àwọn orúkọ yìí fi jọra báyìí ni pé wọn ò tíì pẹ́. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àgbẹ̀ Látfíà kì í ní orúkọ ìdílé rárá. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá tí àwọn ajagun ẹ̀sìn láti Jámánì ti gba ilẹ̀ yẹn, àwọn ọlọ́lá tó ń sọ èdè Jámánì ló ni oko, àwọn tó ń sọ èdè Látfíà ló ń ro ó. Ìjọba tó ń jẹ lé wọn lórí ń yí padà, ó kan Pólàndì, ó kan Swídìn, ó kan Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n olóko ò yí padà. Ẹrú ilẹ̀ ni àgbẹ̀. Kò lè kúrò lórí oko láìgba àṣẹ. Orúkọ tó ń jẹ́ kò ju orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ àti orúkọ abà tó ń gbé lọ. Jānis tó ń gbé ní abà Kalni, Jānis ti Kalni ni. Tó bá fẹ́yàwó, tó sì kó lọ sí abà míì, orúkọ abà tuntun yẹn ni wọ́n á fi máa pè é. Ẹ ò rí wàhálà tó wà níbẹ̀? Bàbá lè jẹ́ orúkọ kan, kí ọmọ jẹ́ òmíràn, kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò má jọ jẹ́ ọ̀kan náà, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó parọ́ nínú wọn.

Ọdún 1817 ni wọ́n fòpin sí ẹrú ilẹ̀ ní Kurzeme, ìyẹn apá ìwọ̀ oòrùn. Ọdún 1819 ni ti Vidzeme, lápá àríwá. Latgale tó wà ní ìlà oòrùn dúró di ọdún 1861, nígbà tí Tsar dá àwọn ẹrú ilẹ̀ sílẹ̀ káàkiri Rọ́ṣíà. Ní Kurzeme àti Vidzeme, wọ́n fún àgbẹ̀ ní òmìnira, wọn ò fún un ní ilẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kó mú ni orúkọ ìdílé. Ní Vidzeme, láàárín ọdún 1822 sí 1826 ni wọ́n ṣe é. Ní Kurzeme, ó di àwọn ọdún 1830. Ẹni tó wojú igi tó mú igi, ẹni tó wojú òkè tó mú òkè. Bẹ́ẹ̀ ni Bērziņš ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé gbogbo wọn bára wọn tan.

Ibo wá ni èèyàn á ti bẹ̀rẹ̀? Ní Riga, olú-ìlú Látfíà, ilé ìpamọ́ ìwé ìtàn kan wà tó jẹ́ ti ìjọba, orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn ni Latvijas Valsts vēstures arhīvs. Ibẹ̀ ni ìwé ìjọ àtijọ́ kún sí: ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, ti Lutheran, ti Kátólíìkì, ti Orthodox, àti èyí tí àwọn rábì Júù kọ. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ rí wọn gbọ́dọ̀ wọkọ̀ dé Riga, kó jókòó, kí wọ́n gbé ìwé fún un. Ní báyìí, wọ́n ti ya fọ́tò púpọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ìkànnì kan tí wọ́n sọ ní Raduraksti, tó túmọ̀ sí ìwé àwọn ìbátan. Ọ̀fẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Google o. Ẹ ò lè tẹ orúkọ sí i kí ó jáde. Fọ́tò ojú ìwé lásán ni. Ẹ máa yan ìjọ, ẹ máa yan ọdún, ẹ ó wá máa ṣí i lójú kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fi kì í ṣe "kí ni wọ́n ń jẹ́?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "ìjọ wo ni wọ́n ń lọ, abà wo ni wọ́n ń gbé?" Ọmọ Yorùbá ò lè ṣàì mọ irú ìbéèrè yìí. Tí àlejò bá wọ ìlú tó ní òun ń wá Bọ́lá, wọ́n á bi í pé Bọ́lá agbolé wo. Orúkọ nìkan ò tó.

Tí ẹ bá wá rí ìjọ yẹn, ohun tó wà nínú ìlà kan ṣoṣo lè yà yín lẹ́nu. Nínú ìwé ìrìbọmi, ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, orúkọ abà, àti orúkọ bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo ti bàbá ìsàmì yẹn dá, àṣìṣe sì ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá, àbúrò bàbá, aládùúgbò tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń dúró fún ọmọ. Tí ìdílé bá ṣí láti abà kan sí òmíràn, tí orúkọ wọn sì yí padà, àwọn bàbá ìsàmì ló máa ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìdílé kan náà ni. Ohun míì tó dáa ni pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àlùfáà Lutheran máa ń da ìwé kọ lọ́dọọdún ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ìjọ. Tí iná bá jó ti abúlé, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà níbòmíì.

Ìwé ìjọ nìkan kọ́ ló wà. Ìwé kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ máa ń dá mi dúró: dvēseļu revīzija. Dvēsele ni ọkàn. Ìwé ìkà-ọkàn ni. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á rò pé ìwé ìsìn ni. Ọ̀rọ̀ owó orí ni o, ọ̀rọ̀ tí àwọn bàbá bàbá wa náà mọ̀ bí ẹní mọ owó. Ìjọba Tsar ń gba owó orí lórí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, nítorí náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á ní kí oko kọ̀ọ̀kan ka àwọn ọkàn tó wà lórí ilẹ̀ wọn. Vidzeme bẹ̀rẹ̀ ìkà yìí ní ọdún 1782. Ọdún 1795 ni Kurzeme bọ́ sábẹ́ Rọ́ṣíà, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó máa kà tiwọn. Ìkà tó kẹ́yìn wáyé ní ọdún 1858.

Ojú ìwé kan máa ń jẹ́ ti ọkùnrin, ojú kejì á jẹ́ ti obìnrin. Wọ́n á kọ iye ọdún tí ọkùnrin náà jẹ́ nígbà ìkà tó kọjá, wọ́n á kọ iye tó jẹ́ báyìí. Tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n á kọ ohun tó ṣe é: ó kú ní ọdún báyìí, ó kó lọ sí oko báyìí, wọ́n mú un lọ ṣe sójà, ó sá lọ. Ẹni tó bá kú lẹ́yìn ìkà kan, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn olóko títí di ìkà tó ń bọ̀, wọ́n á ṣì máa gba owó orí lórí òkú. Orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Gogol gbé ìtàn àròsọ rẹ̀ nípa àwọn ọkàn tó ti kú kà, tó jáde ní ọdún 1842. Fún ẹni tó ń wá ìran, ìkà ọdún 1826 ní Vidzeme ṣe pàtàkì gan-an, torí ìgbà yẹn ni orúkọ ìdílé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ abà. Ibẹ̀ ni afárá tó so Bērziņš mọ́ Jānis ti abà kan wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìkọ̀wé. Èdè Jámánì ni àlùfáà Lutheran fi kọ ìwé, ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kurrent ló sì lò, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Jámánì òde òní gan-an ò lè kà. Ní Latgale tí Kátólíìkì pọ̀ sí, Látìnì àti èdè Pólàndì ni. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1890, ìjọba Tsar ti ní èdè Rọ́ṣíà ni kí wọ́n máa fi kọ ọ́. Ìdílé kan ṣoṣo lè wà nínú ìwé ní èdè mẹ́ta, kò sì ní sí èyí tó jẹ́ èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé. Àlùfáà Jámánì gbọ́ Bērziņš, ó kọ Behrsing. Ó gbọ́ Kalniņš, ó kọ Kalning. Ó gbọ́ Ozoliņš, ó kọ Ohsoling. Jānis di Johann. Ẹ̀yin tí wọ́n ti kọ orúkọ yín ní ìkọkúkọ lórí fọ́ọ̀mù rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìlú náà ń pààrọ̀ orúkọ. Mitau inú ìwé àtijọ́ ni Jelgava òní. Libau ni Liepāja. Wenden ni Cēsis. Ìlú kan wà ní Latgale tí àwọn Jámánì pè ní Dünaburg, tí ìjọba Tsar sọ di Dvinsk, tí Látfíà olómìnira sọ di Daugavpils. Dvinsk yẹn ni wọ́n ti bí ọmọ Júù kan ní ọdún 1903, Markus Rothkowitz, tí wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1913. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Mark Rothko, ayàwòrán. Ẹni tó bá ń wá Rothko ní Daugavpils nínú ìwé ọdún 1903 á wá a tì: kò sí Rothko, kò sí Daugavpils. Kò sì sí Látfíà pàápàá. Torí kó tó di ọdún 1918, "Russia" ni ìwé ọkọ̀ ojú omi àti ìwé ìjọba Amẹ́ríkà máa ń kọ sí iwájú orílẹ̀-èdè wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà ló dàgbà pẹ̀lú èrò pé ará Rọ́ṣíà ni àwọn, torí ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà pàápàá máa ń dani láàmú. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni Rọ́ṣíà ń lò títí di ìgbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ó fi ọjọ́ méjìlá rẹ̀yìn sí tiwa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó fi ọjọ́ mẹ́tàlá rẹ̀yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Tí ìyá àgbà bá ní ọjọ́ ìbí méjì, ó lè máà jẹ́ pé iyè rẹ̀ ti ra.

Títí dé ibi yìí, ó ṣì dà bí eré ọpọlọ. Tí ìwádìí bá dé ọ̀rúndún ogún, eré tán.

Látfíà kéde òmìnira ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1918. Fún nǹkan bí ogún ọdún, ìwé wọn jẹ́ tiwọn, ní èdè tiwọn. Ní Riga, ilé kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn olùgbé rẹ̀ sí: ta ló kó wọlé, ibo ló ti ń bọ̀, ta ló kó jáde, ibo ló lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé ilé wọ̀nyí ṣì wà. Ẹni tó bá mọ òpópónà tí bàbá àgbà rẹ̀ gbé lè rí i níbẹ̀, pẹ̀lú iyàrá tó gbé àti àwọn tí wọ́n jọ gbé e.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Soviet wọlé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1941, láàárín ọjọ́ kan, wọ́n kó àwọn èèyàn tó lé ní 15,000 sínú ọkọ̀ ojú irin ẹrù. Wọ́n ya àwọn bàbá sọ́tọ̀ lọ sí àgọ́ iṣẹ́ àṣekú, wọ́n kó ìyá àti ọmọ lọ sí Siberia. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, àwọn ọmọ ogun Hitler ti gba Riga. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá àti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n kó àwọn Júù tí wọ́n há mọ́ ghetto Riga lọ sí igbó Rumbula, wọ́n sì yìnbọn pa nǹkan bí 25,000 èèyàn láàárín ọjọ́ méjì yẹn. Kí ogun tó parí, nǹkan bí 70,000 Júù Látfíà ló ti kú. Lẹ́yìn ogun, Soviet padà wá. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1949, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ kíkó, lọ́tẹ̀ yìí ó lé ní 42,000 èèyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ìdílé àgbẹ̀, tàgbà tèwe.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí rèé. Àwọn ìkà wọ̀nyí gbogbo, ìwé ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni kan jókòó, ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ orí, ó kọ iye ọmọ. Ìdílé kọ̀ọ̀kan tí Soviet kó lọ ní fáìlì. Nígbà tí Látfíà gba òmìnira rẹ̀ padà ní ọdún 1991, àwọn fáìlì yẹn wá sọ́wọ́ ilé ìpamọ́ ìwé orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n sì tẹ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n kó lọ jáde nínú ìwé tí wọ́n pè ní Aizvestie, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lọ: orúkọ, ọdún ìbí, abà tí wọ́n ti mú wọn, ibi tí wọ́n gbé wọn lọ, ọjọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ tàbí ọjọ́ tí wọ́n kú. Bákan náà ni Yunifásítì Látfíà ṣe àkójọ orúkọ àwọn Júù tó wà níbẹ̀ kí ogun tó dé, wọ́n ń fi ìwé àtijọ́ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbi tí gbogbo ìdílé ti pa run, kò sí ìyá àgbà tí èèyàn lè bi. Ìwé nìkan ló kù.

Ẹ wá wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló kọ orúkọ àgbẹ̀ ní ọdún 1782? Olóko tó ń san owó orí lé e lórí. Ta ló kọ ọ́ sínú ìwé sójà? Ìjọba tó fẹ́ mú un lọ sógun. Ta ló kọ ọ́ ní ọdún 1949? Ọlọ́pàá tó fẹ́ kó o lọ sí Siberia. Ọwọ́ tó kọ orúkọ wọn kì í sábà jẹ́ ọwọ́ ọ̀rẹ́. Síbẹ̀, ọwọ́ yẹn náà ni ọmọ-ọmọ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, torí láìsí i, kò sí bí yóò ṣe mọ̀ pé ìyá ìyá òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ẹrù. Mi ò mọ orúkọ tí èèyàn ń pe irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn míì ò dúró de Soviet. Ní ọdún 1944 àti 1945, àwọn èèyàn tó lé ní 100,000 sá lọ sí Jámánì, wọ́n sì di ẹni àgọ́ lẹ́yìn ogun. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fọ́n ká lọ sí Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà. Ìwé wọn wà ní Bad Arolsen ní Jámánì, nílé ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní Arolsen Archives. Ọ̀pọ̀ ìwé ibẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí sì ṣeé fi orúkọ wá. Fọ́ọ̀mù tí asásálà kọ láti tọrọ ìrànlọ́wọ́ wà níbẹ̀: ibi tí wọ́n bí i sí, ibi tó gbé, iṣẹ́ tó ṣe, orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ. Fún àwọn ọmọ asásálà, ìkànnì Periodika.lv tún wúlò, níbi tí ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè Látfíà kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí. Ìkéde òkú, ìkéde ìgbéyàwó, àti ti ẹni tó ń wá àbúrò rẹ̀ tó sọnù lójú ogun, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ka fọ́ọ̀mù àgọ́ pẹ̀lú ọgbọ́n o. Ẹni tó kọ ọ́ ń bẹ̀rù pé wọ́n á dá òun padà sọ́dọ̀ Soviet. Àwọn kan fi ohun kan pa mọ́. Láti ọdún 1943 ni àwọn Jámánì ti ń kó àwọn ọkùnrin Látfíà wọ ẹgbẹ́ ogun tiwọn, ọ̀pọ̀ ni wọ́n fi tipátipá mú, àwọn kan fínnúfíndọ̀ lọ, àwọn kan sì wà tí ọwọ́ wọn ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn Júù kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé, "ìgbà ogun ni" ni wọ́n máa ń sọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ọmọ-ọmọ tó ń ṣí ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà lóru gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí òun máa rí lè máà jẹ́ ohun tí òun fẹ́ rí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ọ̀rọ̀ yìí di ti gbogbo ìlú. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé káàdì àwọn tí KGB kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí amí rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àpò ni wọ́n bá àwọn káàdì yẹn nínú rẹ̀ nígbà tí Soviet túká, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní čekas maisi, àpò àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀. Egbẹẹgbẹ̀rún orúkọ ló wà níbẹ̀, àwọn gbajúmọ̀ wà nínú wọn. Káàdì nìkan ò fi hàn pé ẹni náà ṣiṣẹ́ amí ní ti gidi: àwọn kan ní àwọn ò mọ̀ rárá pé wọ́n kọ orúkọ àwọn sílẹ̀, àwọn kan lọ sílé ẹjọ́ láti wẹ ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá rí orúkọ bàbá rẹ̀ lórí káàdì kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i mọ́. Ìwádìí ìran ò gba kí èèyàn máa yan ẹran tó dáa, kó fi egungun sílẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ló wá kàn wá nínú bàbá bàbá, ṣebí èèyàn á gbé ayé tirẹ̀. Ní Látfíà, ìwé bàbá bàbá lè sọ bóyá ẹ máa dìbò. Nígbà tí òmìnira padà dé, ìjọba ní àwọn tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kí Soviet tó wọlé ní ọdún 1940, àti àwọn ọmọ wọn, ni ọmọ onílẹ̀. Àwọn tó kó wá lábẹ́ Soviet, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, kò sí nínú rẹ̀. Nǹkan bí 700,000 èèyàn ló di "ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè", wọ́n ń gbé ìlú tí wọ́n bí àwọn kan nínú wọn sí, wọn ò sì lè dìbò yan aṣòfin àfi tí wọ́n bá ṣe ìdánwò èdè àti ìtàn. Ní ọwọ́ kejì, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2013, òfin gba ọmọ asásálà ogun láyè láti gba ìwé ọmọ onílẹ̀ Látfíà láìju ti Amẹ́ríkà tàbí Ọsirélíà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n máa bi í kò ju pé: ìwé wo ló fi hàn pé ìyá àgbà rẹ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ní ọdún 1940? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yẹ àpótí ìyá àgbà wò báyìí. Ìwé ìrìnnà àtijọ́ kan tó ti pọ́n bíi tábà lè ṣílẹ̀kùn gbogbo Yúróòpù fún ọmọ-ọmọ.

Kí n tó dákẹ́, ohun kan wà tó so ìtàn yìí mọ́ apá ọ̀dọ̀ tiwa. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Kurzeme ní ọba tirẹ̀, Duke Jacob. Ó fẹ́ ní ilẹ̀ lókè òkun bíi ti àwọn ọba ńláńlá. Ní ọdún 1651, àwọn èèyàn rẹ̀ kọ́ odi sórí erékùṣù kékeré kan nínú odò Gambia. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní James Island. Erékùṣù yẹn di ibi tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sí òkè òkun. Láti ọdún 2011, orúkọ tó ń jẹ́ ni Kunta Kinteh Island, nítorí ìwé Roots tí Alex Haley kọ ní ọdún 1976, tó sọ pé agbègbè yẹn ni wọ́n ti mú baba ńlá òun. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti jiyàn lórí ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ìwé yẹn, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Amẹ́ríkà, dúdú àti funfun, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìran wọn.

Mo máa ń ronú lórí ìyẹn. Ọ̀rúndún tí àgbẹ̀ Kurzeme ò ní orúkọ ìdílé, tó jẹ́ ẹrú ilẹ̀ lábẹ́ olóko, ni ọba rẹ̀ ń kọ́ odi sí Áfíríkà. Àgbẹ̀ yẹn sàn ju ẹni tí wọ́n gba odò Gambia kó lọ ní ọ̀nà kan: àlùfáà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó kọ ọ́ ní ìkọkúkọ. Fún ọ̀pọ̀ àwọn tó wọ ọkọ̀ ẹrú, iye wọn ni wọ́n kọ, wọn ò kọ orúkọ.

Nítorí náà, tí ẹni tó ní orúkọ Bērziņš yẹn bá padà wá bá yín, ẹ má lọ síbi kọ̀ǹpútà ná. Ẹ bi í bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Tó bá wà, kó lọ bi í orúkọ abà, orúkọ ìjọ, orúkọ ẹni tó dúró fún un níbi ìrìbọmi, kó yẹ ẹ̀yìn fọ́tò wò bóyá wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Kó gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Ìwé tó wà ní Riga á dúró dè é di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá lè má dúró.